Apá Aṣọ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Tú

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Aránṣọ, kì í rán apá aṣọ tó fẹ̀. Ó ní apá tó bá fẹ̀ ń jọ àpò. Èmi tí mò ń ta òwú àti bọ́tìnnì lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ máa ń bi í pé ṣé aṣọ ló ń rán ni àbí ẹrù ló ń dì. Á rẹ́rìn-ín, á sì tún jẹ́ kó fún sí i.

Apá aṣọ yẹn ló kó bá a. Lọ́jọ́ tí a lọ gba àkọ́kọ́ nínú abẹ́rẹ́ àjẹsára méjì, apá aṣọ ọ̀hún kọ̀, kò ká sókè. Nọ́ọ̀sì ní kó wọ yàrá lọ bọ́ ọ. Ó ní rárá, èrò wà lẹ́yìn òun. Ó fa ọrùn aṣọ wálẹ̀ kúrò léjìká, nọ́ọ̀sì tó wà lórí ìdúró sì gún un lókè pátápátá, lẹ́bàá oríkèé.

Gbogbo wa la délé tí apá ń dùn wá. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Nígbà tí tiwa lọ, tirẹ̀ ò lọ. Kò lè na ọwọ́ mú òwú lórí pẹpẹ. Kò lè fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn. Èmi ni mò ń bá a gé aṣọ, mo sì ń gé e wọ́rọ́kọ́. Inú bí mi gan-an. Mo ní mo máa lọ bá nọ́ọ̀sì yẹn jà. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Jókòó jẹ́ẹ́. Èmi àti òun la jọ kánjú."

Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní oògùn inú abẹ́rẹ́ kọ́ ló burú, ibi tí wọ́n gún ló ga jù, òun ló jẹ́ kí oríkèé èjìká wú. Ó ní á máa san díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kó máa fi ìka rìn gòkè lára ògiri lójoojúmọ́, kí apá lè máa nà. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sáṣọ fa ìlà síbi tí ìka rẹ̀ bá dé lára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ìlà náà ò tètè gòkè. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mi ò fẹ́ wo ògiri yẹn mọ́.

Ohun tó wá dùn ún ju èjìká lọ ni ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí ọmọ tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákòrò. Àsìkò abẹ́rẹ́ èéyi ọmọ náà tó, ìyá rẹ̀ wá bá wa ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun ò lọ.

"Mọ́mì, mo rí ohun tó ṣe yín. Ẹnikẹ́ni ò ní gún ọmọ mi."

Mo ní, "Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́."

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Mi ò lọ."

Ẹ̀gbọ́n mi ò jà. Ó ní, "Èéyi ló pa ẹ̀gbọ́n rẹ. Kò tíì mọ ìrìn rìn. Orí ẹsẹ̀ mi níbí ló kú sí." Láti ìgbà tí a ti sin ọmọ yẹn, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi rí. Omi bọ́ lójú mi.

Ó fa aṣọ tó fẹ́ wọ̀ jáde, ó fi bíléèdì tú apá òsì aṣọ náà láti èjìká dé ìsàlẹ̀. "Abẹ́rẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì tèmi kù. Gbé ọmọ rẹ. Èmi ni màá kọ́kọ́ jókòó. Tó o bá rí i tó ò sì fẹ́, ká padà sílé."

Nígbà tí a dé ibi àjẹsára, nọ́ọ̀sì kan náà la bá. Ẹ̀gbọ́n mi fi ohùn tútù sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èjìká rẹ̀. Obìnrin náà ò jiyàn. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má bínú." Ó fa àga, ó jókòó kó lè bá apá náà dọ́gba, ó fi ìka wá ibi tí ẹran ti pọ̀, kó tó gún un. Ẹ̀gbọ́n mi ò wo abẹ́rẹ́. Ojú ọmọ rẹ̀ ló ń wò.

Ọmọ rẹ̀ gbé ọmọ tirẹ̀ súnmọ́ àga. Ó wá jókòó, ó ṣí itan ọmọ náà, ó dì í mú ṣinṣin. Nọ́ọ̀sì gún un, ọmọ ké. Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ méjèèjì láti gbà á, ọwọ́ ọ̀tún dé ọ̀gangan àyà, kò lè gòkè mọ́. Ìyá ọmọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì gbé ọmọ náà síbi tí ọwọ́ yẹn lè dé.