Àwòrán Wèrè Inú Gíláàsì Bàbá Mi

Nígbà tí àwọn sójà tún gbàjọba, mo wà nílé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Abẹ́òkúta, mò ń kọ́ bí a ṣe ń ṣe sinimá. Ohun kan ṣoṣo tí a kò ní níbẹ̀ ni ẹ̀rọ tí a fi ń ya sinimá. Ọ̀kan wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti bàjẹ́, wọ́n sì tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù kí ó má baà bàjẹ́ sí i. Olùkọ́ wa wá ní kí a máa ya fọ́tò, kí a máa fi pírójẹ́tọ̀ tàn wọ́n sára ògiri ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a sì gbohùn sórí kásẹ́ẹ̀tì. Ó ní sinimá náà nìyẹn.

Iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún ẹgbẹ́ wa ni àrùn ọpọlọ. Olùkọ́ wa kò fẹ́ àlàyé rẹpẹtẹ. Ó ní ẹni tó bá ti rí fọ́tò náà gbọ́dọ̀ mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé orí ẹni inú rẹ̀ ti dàrú. Ọ̀rọ̀ náà kò le lójú wa rárá. Ọmọ Abẹ́òkúta ló pọ̀ jù nínú wa, ilé ìwòsàn ọpọlọ sì wà lẹ́yìn ìlú, tí àwọn ìyá wa ti ń fi dẹ́rù bà wá láti kékeré. Kò sí ẹni tó dábàá pé kí a lọ béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Kí la fẹ́ béèrè? Gbogbo wa la mọ bí wèrè ṣe ń rí: irun jàgajàga, àkísà, ààtàn.

Ẹni tí yóò ṣe wèrè náà ló kù. Àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ wa kọ̀, wọ́n ní àwọn kò tíì lọ́kọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí mò ń pè ní Àǹtí, ló gbà fún wa. Ó ti ní àfẹ́sọ́nà, tíṣà kan tó jẹ́ ará Wásinmi, wọ́n sì ti ń gbèrò àtiṣe ìgbéyàwó lẹ́yìn ààwẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ẹni tó ti rí ọkọ kò bẹ̀rù ààtàn.

A lọ sí ààtàn ẹ̀yìn ilé wa. Àǹtí tú irun rẹ̀, ó kó àkísà wọ̀, ó jókòó sílẹ̀, ó sì la ẹnu sílẹ̀ díẹ̀. Ó dùn mọ́ ọn nínú. Èmi ni mo ya fọ́tò náà, nítorí ayàfọ́tò ni bàbá mi, kámẹ́rà rẹ̀ ni a sì ń lò.

Bàbá mi kì í yin ènìyàn. Gbogbo ọdún tí mo fi ń bá a ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ tó dára jù tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni "Ó dà bẹ́ẹ̀." Nígbà tó fọ fọ́tò Àǹtí tán, ó gbé e sínú ìmọ́lẹ̀, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ní, "Láìtì rẹ̀ dáa." Inú mi dùn débi pé n kò lè jẹun. Ó tún un fọ̀ ní ńlá, ó sì fi í sínú gíláàsì iwájú ṣọ́ọ̀bù, níbi tí ó ń fi iṣẹ́ rẹ̀ tó dára jù hàn fún àwọn tó ń kọjá. Bí wọ́n ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn: ìyàwó ojú ọ̀nà kan, Àlàájì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé, àti wèrè láàárín wọn.

Alhaja, ìyá bàbá mi, ní kí ó mú nǹkan burúkú náà kúrò. Bàbá mi ní iṣẹ́ ni.

Ẹ mọ̀ pé bí ẹbí méjì bá fẹ́ fọmọ fún ara wọn, wọ́n á kọ́kọ́ rán ènìyàn lọ ṣe ìwádìí. Ohun tí wọ́n ń wá kò pọ̀: ẹ̀tẹ̀, olè, wèrè. Ẹni tí wọ́n rán kò gbọdọ̀ jẹ́ kí a mọ̀ pé òun ló wá. Yóò ṣe bí ẹni tó wá ra nǹkan, yóò la ojú rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ẹni tí wọ́n rán láti Wásinmi wá ya pásípọ́ọ̀tù ní ṣọ́ọ̀bù wa. Ó dúró níwájú gíláàsì, ó ní ta ni ti àárín yìí. Bàbá mi, tí láìtì ọ̀hún ṣì ń dùn mọ́ nínú, ní, "Ọmọ mi ni." Bí ó bá jẹ́ pé oníbàárà lásán ni ọkùnrin náà, ì bá béèrè ohun tó ṣe ọmọ ọ̀hún. Ṣùgbọ́n ìwádìí ló wá ṣe, kò sì lè béèrè. Ó jókòó, ó yàwòrán, ó dúpẹ́, ó sì lọ.

Kò pẹ́ tí alárinà fi dé pé àwọn ará Wásinmi ní kí a ṣì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ná. Bàbá mi ní kí ó lọ sọ fún wọn pé eré ni, ti ilé ẹ̀kọ́. Alárinà wò ó. Ó ní, "Baba, ẹbí wo lẹ rí tó sọ pé ọmọ àwọn ya wèrè lóòótọ́? Eré ni gbogbo wọn ń sọ."

Àǹtí pariwo. Alhaja ní kí ó má pariwo, kí àwọn ará àdúgbò má baà ní ẹ ò rí i. Ni Àǹtí bá bú sẹ́rìn-ín. Alhaja ní ẹ̀rín yẹn kò dára. Àǹtí wá dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó kọjú sí ògiri. Alhaja gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ náà títí, ó ní, "Ẹ wò ó, èyí ló tún wá burú jù." Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi kò ti mọ bí yóò ṣe rìn kọjá nínú ilé bàbá rẹ̀ tí a kò ní fi ojú bá a lọ. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà gan-an. Mo ń gbọ́ ẹkún rẹ̀ nínú balùwẹ̀, inú sì ń bí mi sí gbogbo ènìyàn: sí Wásinmi, sí alárinà, sí láìtì.

Nígbà tó yá, ìyá ọkọ náà ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ fúnra òun. Ọjọ́ Jímọ̀ ló dé, lẹ́yìn ìrun. Obìnrin gíga ni, àgbẹ̀ tó ń ta gàrí, gèlè rẹ̀ wà lórí ní títẹ́jú. Ó ní kí wọ́n gbé fọ́tò náà wá. Ó wò ó títí, ó sì gbójú sókè wo Àǹtí.

"Ìwọ nìyí?"

"Èmi ni, mà."

"Ta ló sọ fún ẹ pé báyìí ni wọ́n ń ṣe?"

Àǹtí nawọ́ sí mi. Mo ní gbogbo ayé ló mọ̀.

"Èmi ò mọ̀ ọ́n," ni obìnrin náà wí, "bẹ́ẹ̀ orí tèmi ti dàrú rí."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ iye tí ó ń ta gàrí. Ó ní òun bí ọmọ kan tí kò dúró, lẹ́yìn rẹ̀ ni nǹkan yí. Wọ́n gbé òun wá sí ilé ìwòsàn ẹ̀yìn ìlú wa yìí, wọ́n sì fi òun àti ìyá òun wọ̀ sílé àgbẹ̀ kan ní abúlé ìtòsí, bí wọ́n ti máa ń ṣe fún àwọn tí tiwọn kò le.

"Irun mi wà ní dídì. Gèlè mi wà lórí. Ilẹ̀ ni mo ń gbá. Mo gbá ilẹ̀ onílé títí gbòǹgbò igi fi yọ síta. Ìyá mi á gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, màá fi ọwọ́ gbá a. Ẹni tó bá ń kọjá á ní ẹ kú iṣẹ́, màá dá a lóhùn." Ó na fọ́tò náà sí bàbá mi. "Ẹni inú èyí, ẹni tó ń yà á ló ń wò, ó ń bi í pé ṣé ó ti dáa. Orí tó dàrú ò ráyè ayàfọ́tò. Nǹkan kan ò ṣe ọmọ yín."

Àbúrò bàbá mi tó lọ ṣe ìwádìí tiwa ní Wásinmi ti jábọ̀ fún wa pé ẹbí náà dára, àti pé ìyá ọkọ jẹ́ onímọ̀ọ́tótó.

"Ọmọ mi ò mọ̀ pé ó ṣe mí rí," ni obìnrin náà tún wí. "Ṣùgbọ́n n kò lè jókòó sílé kí wọ́n kọ ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́, kí èmi tí tèmi jẹ́ òótọ́ máa wò wọ́n. Ẹ ti gbọ́. Ó kù sọ́wọ́ yín."

Alhaja ti dá tẹ̀sùbáà rẹ̀ dúró. Ẹ̀rù bà mí. Ohun tí a rán ènìyàn lọ wá kiri ilé onílé ló wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé yìí, ó jókòó sórí àga wa, ó sì ń mu omi.

Ni Àǹtí bá dìde níbi tó wà, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ kú ewu, mà."

Ẹni tó bímọ là ń kí bẹ́ẹ̀, ẹni tó jáde láàyè nínú ìjàǹbá mọ́tò, ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ẹni tó bá ti ilé ìwòsàn yẹn dé, ńṣe là ń ṣe bí ẹni pé kò lọ rí. Alhaja wo ọmọ ọmọ rẹ̀, ó wo àlejò wa. Ó ní, "Ẹ kú ewu o. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́." Bàbá mi náà kí i. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí i.

Obìnrin náà ti múra ìjà wá. Kò múra ìkíni. Ó fi etí gèlè rẹ̀ nu ojú, ó sì gbé ọwọ́ lé Àǹtí léjìká.

"Nígbà tí mo ti ilé ìwòsàn délé," ló wí, "ẹ kú àbọ̀ oko ni gbogbo wọn kí mi."