Èéfín Tó Ba Ojú Màmá Mi Jẹ́

Eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà nígbà tí ojú màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ìlú Bantè la wà nígbà náà, láyé tí kálukú ń ṣán igbó láti gbin kajú, ìyẹn kaṣú. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́, ẹ má sì fi mí rẹ́rìn-ín bí ohùn mi bá ń lọ sókè, torí ọ̀rọ̀ náà ṣì ń bí mi nínú.

Àtàsí ni màmá mi ń tà lẹ́bàá títì, ìrẹsì tí a sè pọ̀ mọ́ ẹ̀wà, pẹ̀lú ata díndín. Igi ìdáná wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tí ń yan kajú ládùúgbò wa máa ń da èèpo rẹ̀ nù lókìtì lókìtì. Òróró wà nínú èèpo yẹn. Bí iná bá ti kàn án, á ràn wàà. Ta ni yóò rí iná ọ̀fẹ́ tí yóò kọ̀ ọ́? Gbogbo ilé wa ló ń fi dáná. Màmá mi ló sì ń tẹrí ba sídìí rẹ̀ jù, tó ń fẹ́ ẹ, tí èéfín dúdú ń bò ó lójú.

A kọ́kọ́ rò pé ooru ni. Màmá mi pupa, nítorí náà ó tètè hàn: ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n, kókó kéékèèké sú sí i láti iwájú orí dé ọrùn, ìpéǹpéjú rẹ̀ wú. Ó ń yún un débi pé ó máa ń fi ojú ra ara ògiri. Ọṣẹ dúdú o, àdín o, ìpara tí àwọn oníṣòwò ń gbé wá láti Nàìjíríà o, ó lò ó tì.

Ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin ilé, bá ní ká máa fi àgbo ṣe é. A ó se ewé nínú ìkòkò ńlá, màmá mi á tẹrí ba lé e, wọn á fi aṣọ bò ó kí oru àgbo lè wọ ojú rẹ̀. Láràárọ̀ ni. Iná wo la fi ń sè é? Èèpo kajú mà ni! Ìkòkò á ṣì wà lórí iná, èéfín àti oru á jọ wọ abẹ́ aṣọ. Bó bá jáde, ojú rẹ̀ á wú bíi búrẹ́dì tí a rẹ sómi, ẹ̀gbọ́n bàbá mi á ní, "Ẹ ẹ̀ rí i? Àìsàn náà ló ń jáde." Háà!

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá burú sí ni pé àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹ̀tẹ̀ ni. Àwọn oníbàárà ń gba òdìkejì títì kọjá. Ìyẹn ò dun màmá mi tó èyí tó tẹ̀ lé e. Àbúrò mi ọkùnrin ṣì ń mu ọmú, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ògiri mú rìn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n bàbá mi àti ìyá bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní:

"Ìyàwó, gbé ọmọ yẹn wá. Ọ̀dọ̀ ìyá wa ní Akpassi ni yóò wà títí ara rẹ yóò fi yá."

Màmá mi kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá mi, ẹ jẹ́ kó mu ọmú tán. Mi ò ní fi ojú kàn án."

"Ṣé kó wá kó àrùn náà ni?"

Bàbá mi ń wo ilẹ̀. Ìyá bàbá mi pọn ọmọ, ó gun ẹ̀yìn alùpùpù, ó di Akpassi. Ọmú màmá mi kún, ó le, ó ń fún un dànù lẹ́yìnkùlé, ó ń sunkún. Mo rí i.

Nígbà tó yá, bàbá mi mú un lọ sílé ìwòsàn ní Savalou. Nọ́ọ̀sì ní kó dijú, ó ń fi òwú kan ojú rẹ̀ níbí, ó ń fi kan ọ̀hún, màmá mi sì ń sọ ibi tó ti kàn án. Nọ́ọ̀sì ní, "Ìyá, ẹ̀tẹ̀ máa ń pa ara kú ni, kì í yún ni báyìí. Nǹkan kan ló ń ta sí yín lójú. Kí lẹ fi ń pa á?" Wọ́n ro ti ọṣẹ, wọ́n ro ti ìpara, wọn ò rí i. Ta ni yóò ro ti iná? Ó fún un ní oògùn, ó ní kó máa fi omi tútù bọ́jú.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Savalou ni màmá mi sinmi sí. Èédú ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Ojú rẹ̀ rọ, ó jọ̀lọ̀. Ó padà sí Bantè tayọ̀tayọ̀, ó dáná àtàsí. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó tún sú. Ni màmá mi bá jókòó ti ààrò, ó ń wo èéfín, ó ní, "Yéè, ìwọ ni!"

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Tiwa jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ̀tẹ̀ tí kò sí rárá la ń pa.

Ó kó èèpo tí òróró rẹ̀ ń bá èéfín ta sí i lójú dànù, ó ń fi èédú dáná, ó ń fi òrí pa ojú, ara rẹ̀ sì dán. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ká ṣì máa wò ó, bóyá yóò tún padà. A wò ó títí òjò fi lọ tí òmíràn fi dé. Nígbà tí wọ́n mú àbúrò mi wá, ó ti ń sáré, ó ti ń sọ̀rọ̀. Màmá mi na ọwọ́ méjèèjì sí i. Ó sá sẹ́yìn ìyá àgbà, ó di ìró rẹ̀ mú, ó ní, "Ìyá, ta nìyí?" Ó ké títí wọ́n fi ní kó máa bá ìyá àgbà padà lọ, ibẹ̀ ló sì dàgbà sí.

Ayé ti yí padà. Bí nǹkan bá sú sí yín lójú lónìí, ẹ ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí dókítà, èsì á dé kí ẹ tó jẹun tán. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi náà ti di bàbá ọlọ́mọ. Kò sí ọdún Iléyá tí kì í gbé iṣu àti ẹran wá fún màmá mi. Á dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, á mu omi, á béèrè àlàáfíà gbogbo wa, nígbà tí oòrùn bá sì ń rọlẹ̀, á ní òun fẹ́ máa lọ sílé. Màmá mi kì í sọ fún un pé ibí náà nilé. Á sìn ín dé títì, á ní, "O ṣeun tí o wá kí mi."