Abraham Dosu àti Ọ̀yà tó Sá Wọ Àbàtà

"Bàbá, ẹran tí ẹ bá ta lọ́fà, tó wá sá lọ, tí ẹ kò rí i mọ́, ta ló ni ín?"

Ìbílọlá ló bi Abraham Dosu ní ìbéèrè yìí nínú ọkọ̀ ojú omi, láàárọ̀ ọjọ́ ilé-ìwé kan, nígbà tí ó wà ní kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ni. Bí olùkọ́ bá pè é dìde ní kíláàsì, ohùn rẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó tẹ̀ lé e. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń ro ìbéèrè náà nínú kí ó tó já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lójijì. Gbogbo èrò ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ dá a lóhùn o, ọdẹ!" Gbọ́lágadé ló sọ bẹ́ẹ̀, ọdẹ oníbọn tó máa ń bá wọn sọdá lọ ta ẹran ìgbẹ́ ní Àgbádárìgì. "Ẹ̀yin tí ẹran yín máa ń pọ̀ nínú igbó ju inú ìkòkò lọ!"

 Abraham wo ọmọ náà, ó wo omi, ó sì rọra yí ọwọ́ ẹ́ńjìnnì padà kí ọkọ̀ má baà kọ lu igi tí àwọn apẹja so àwọ̀n mọ́. Ìtìjú mú Ìbílọlá. Ó rò pé òun ti rí àgbà fín, kò sì gbé orí sókè títí ọkọ̀ fi gúnlẹ̀.

Iṣẹ́ ọkọ̀ ló ń bọ́ Abraham, ṣùgbọ́n ọrun àti ọfà ló gbà á lọ́kàn. Ó ń gbé èrò láti Gberefu, ilẹ̀ iyanrìn tóóró tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, sọdá sí Àgbádárìgì. Bí kò bá sí èrò, á jókòó sábẹ́ igi àgbọn, á máa fi ọ̀bẹ há igi àtòrì. Ọrun tirẹ̀ kì í ṣe ọrun kékeré. Bí ó bá gbé e nàró, ó ga tó òun fúnra rẹ̀. Èdè Ègùn ni bàbá bàbá rẹ̀ fi kọ́ ọ bí a ti ń ṣe ọrun, títí di òní, Ègùn ló fi ń bá igi sọ̀rọ̀ bí ó bá ń tẹ̀ ẹ́. Ìṣó tó ti dípẹtà lára ọkọ̀ ògbólógbòó ló ń lù di ẹnu ọfà. Okùn tí àwọn apẹja fi ń hun àwọ̀n ló ń lọ́ di ọṣán tí yóò fi so orí ọrun mọ́ ìdí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọṣán yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré létí òkun. Ọ̀rinrin máa ń wọ inú okùn lóru. Tí ó bá fi di àárọ̀, á ti dẹ̀. Nítorí náà, bí Abraham bá lọ́ ọṣán tuntun, á gbé e kọ́ òkè ààrò tí ìyàwó rẹ̀ fi ń yan ẹja, títí èéfín á fi mú un, tí á dúdú bí kóró iṣin. Ìgbà náà ni okùn tó tó gbẹ́kẹ̀ lé.

Kò sì kánjú ta ẹran rí. Ẹran tí kò bá tíì sún mọ́ ọn débi tí yóò fi rí etí rẹ̀ tó ń gbọ̀n, kò ní ta á. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló ń bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Gbọ́lágadé á máa pariwo lẹ́bàá ọ̀nà pé, "Ọrun yín ti di ọ̀pá tipẹ́, ẹ kàn ń fi tilẹ̀ rìn ni!" Abraham á rẹ́rìn-ín, á kọjá. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tí ó wá kí Màmá Zipporah, ìyá ìyá Ìbílọlá, ọmọ náà gbọ́ ohun tó sọ.

"Màmá, mi ò ní kí wọ́n yìn mí. Kí wọ́n kàn wò mí lẹ́ẹ̀kan péré, kí wọ́n sì dákẹ́."

Àǹfààní yẹn dé nígbà tí Ìbílọlá wọ kíláàsì kìíní ní ilé-ìwé girama àgbà. Ọkùnrin kan wà ní Àgbádárìgì, Abdulrauf ni orúkọ rẹ̀, tó máa ń kó àlejò wá wo òkun. Ó bá Abraham létí omi níjọ́ kan tí ó ń ta ọfà sí èèpo àgbọn tí ó fi sórí òpó. Ọfà gbé èèpo náà lọ. Abdulrauf ní kí ó tún un ta. Ó tún gbé e lọ.

"Bàbá, ní Sátidé tó ń bọ̀, iwájú àwọn àlejò mi lẹ máa ti ṣe eléyìí," ó wí. "Tó bá dùn mọ́ wọn, gbogbo ìsinmi lẹ ó máa ṣe é."

Wọ́n ní gbogbo Gberefu ni yóò jókòó wò ó. Olùkọ́ sì ní kí Ìbílọlá, nítorí pé ó mọ ìwé kọ, wá ka ìtàn ayé Abraham sétígbọ̀ọ́ àwọn èèyàn kí ó tó ta ọfà. Ẹ̀rù bà á dé egungun, ṣùgbọ́n ó kọ ọ́. Abraham náà lọ́ ọṣán tuntun. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ní kí òun gbé e kọ́ òkè ààrò, ó kọ̀.

"Mo fẹ́ kó funfun," ó ní. "Kí wọ́n lè rí i láti òkèèrè."

Láàárọ̀ Sátidé náà, ó wọ ẹ̀wù tuntun, ó gbé ọrun kọ́ èjìká, ó ń lọ sétí òkun. Ẹ̀yìn ilé Màmá Zipporah ni ó gbà, ni ìyá bá ń fọwọ́ pè é jẹ́ẹ́.

"Abraham, yọ́ wá o. Ọ̀yà tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ mi nìyẹn."

Lóòótọ́, ọ̀yà náà wà láàárín ebè, ó tóbi, ó sún mọ́ wọn, etí rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìbílọlá dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀ àgbà pẹ̀lú ìwé tí ó fẹ́ lọ kà lọ́wọ́. Abraham fa ọrun, ó tú u sílẹ̀. Ọṣán kò dún bí ó ti máa ń dún. Ọfà relẹ̀, itan ẹ̀yìn ló bà. Ọ̀yà náà ké, ó sì gbé ọfà sá wọ àbàtà tó wà lápá ọ̀sà.

Abraham fi àtàǹpàkò tẹ ọṣán náà wò. Ó dẹ̀ wọ̀jọ̀.

"Funfun tí mo fẹ́ nìyí," ó wí.

"Fi í sílẹ̀, jàre," Màmá Zipporah ní. "Ọ̀yà lásánlàsàn! Àwọn àlejò ti ń gúnlẹ̀."

Ṣùgbọ́n ó ti ń bọ́ ẹ̀wù tuntun náà. Ó fi í kọ́ ara ọgbà.

"Bàbá," Ìbílọlá sọ, "èmi ni wọ́n ní kí n kàwé."

"Mo mọ̀, ọmọ mi." Ó wọ inú àbàtà lọ.

Létí òkun, àwọn àlejò jókòó sábẹ́ ìbòòji, oòrùn ń gòkè. Abdulrauf ń pe fóònù Abraham, kò sẹ́ni tó gbé e.

"Ọdẹ dà?" ẹnì kan bèèrè.

"Ó ń lé ọ̀yà," Gbọ́lágadé, tó ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ló dáhùn. "Ẹ ní sùúrù, ọ̀yà náà ló ń sinmi lọ́wọ́, á jẹ́ kó bá òun láìpẹ́!"

Ẹ̀rín gba ibẹ̀. Kí àwọn èèyàn má baà dìde, wọ́n ní kí Ìbílọlá bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Ó kà á bí ó ti kọ ọ́: "Ọkùnrin tí ẹ ń wò níwájú yín yìí, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n." Àwọn èèyàn wo iwájú, wọ́n wo ẹ̀yìn, wọn kò rí ọkùnrin kankan. Ẹ̀rín tó tẹ̀ lé e kì í ṣe kékeré. Ìbílọlá ká ìwé náà mọ́wọ́, ó sì sá lọ sílé.

Ìrọ̀lẹ́ ni Abraham tó jáde, ẹrẹ̀ dé ọrùn rẹ̀, ọ̀yà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e síwájú Màmá Zipporah, ó mú ẹ̀wù rẹ̀ lára ọgbà, ó sì lọ sílé. Àwọn àlejò ti padà. Abdulrauf kò tún wá a mọ́; nígbà ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ẹlẹ́ṣin ló kó wá. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe Abraham ní Ọlọ́yà.

Inú bí Ìbílọlá. Ó ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀ bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n iwájú ọkọ̀ ló ń lọ jókòó, kò sì wo ẹ̀yìn. Báyìí ni wọ́n ṣe títí ó fi dé ọdún tó fẹ́ jáde ní girama.

Lọ́jọ́ tí ó ṣe ìdánwò ìkẹyìn, òjò dá àwọn yòókù dúró sí Àgbádárìgì. Òun nìkan ló wọ ọkọ̀ padà. Nígbà tí wọ́n dé àárín ọ̀sà, ó ṣàdédé yí ojú sẹ́yìn.

"Bàbá, ṣé ọjọ́ yẹn dùn yín?"

"Ó dùn mí," Abraham ní. "Ó ṣì ń dùn mí. Ó sì dùn mí ju tèmi lọ pé wọ́n fi ọ́ rẹ́rìn-ín." Ó dín iná ẹ́ńjìnnì kù kí ohùn rẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "O bi mí ní nǹkan kan nínú ọkọ̀ yìí, nígbà tí o kéré. Pé ẹran tó bá gbé ọfà mi sá lọ, ta ló ni ín."

"Ẹ ò dá mi lóhùn."

"Mi ò mọ̀ ọ́n nígbà yẹn. Àárín ẹrẹ̀ ni mo ti rí ọ̀yà yẹn. Kò tíì kú. Ó yí orí sẹ́yìn, ó ń fi eyín fa igi ọfà náà, kò lè yọ ọ́." Ó tún ọwọ́ ẹ́ńjìnnì dì mú. "Kò sẹ́ni tó ni ẹran, Ìbílọlá. Ọfà ni tèmi. Ibi tí ó bá wà, mo gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀."