Ẹsẹ̀ Bàtà Márùn-ún Tí Mo Gé Kúrò

Kí n tó la ẹnu sọ ohunkóhun, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run Ọba tó jẹ́ kí n lè fi ẹnu ara mi sọ ìtàn yìí, tí kò jẹ́ kó di ohun tí ẹlòmíràn yóò máa fi omijé sọ nípa mi. Alihamudulilahi. Òun ló ń bo àṣìṣe ẹ̀dá, Òun náà ló sì ń ṣí i síta nígbà tí ọwọ́ ṣì lè tún un ṣe. Bí mo bá ní ẹgbẹ̀rún ahọ́n, wọn kò ní í tó fún ọpẹ́ yìí.

Òórùn ẹja ló máa ń mú mi rántí. Ọ́fíìsì wa nígbà yẹn wà lókè ilé ìtajà ẹja kan ní Rye Lane, ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Láàárọ̀, bí wọ́n bá ti da yìnyín sórí tábìlì tí wọ́n sì to ẹja lé e, òórùn iyọ̀ àti omi òkun á gba orí àtẹ̀gùn gòkè wá bá wa nídìí kọ̀ǹpútà. Tó bá di ọ̀sán, yìnyín náà á ti yọ́, omi rẹ̀ á máa ṣàn lójú ọ̀nà, àwọn tó ń kọjá á máa fò ó.

Yíya ìpìlẹ̀ ilé sórí ìwé ni iṣẹ́ wa. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò ju yàrá ìdáná tí ẹnìkan fẹ́ fẹ̀ sẹ́yìn ní Catford lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ti ṣiṣẹ́ rí létí òkun, níbi tí ìjì ńlá tí wọ́n ń pè ní họ́ríkéènì ti máa ń jà lọ́dọọdún, nítorí náà àwọn ará Karibíánì tó wà ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù máa ń mú ìwé ilẹ̀ wọn wá bá wa. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń gbé ilé kúrò nílẹ̀. Wàá ri òpó wọ ilẹ̀ títí yóò fi kọjá iyanrìn tí omi lè gbẹ́ lọ. Wàá gbé ilẹ̀ilé ga ju ibi tí omi lè dé. Abẹ́ ilé, wàá fi í sílẹ̀ gbayawu, kí ìgbì lè gba ibẹ̀ kọjá láìrí ohun tí yóò tì. "Má bá omi jà," ni ọ̀gá mi máa ń wí. "Fún un lọ́nà kó máa lọ."

Ọjọ́ kan ni Ìyá Kéú gun àtẹ̀gùn wa wá, tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, ìwé ilẹ̀ nínú ọ̀rá lọ́wọ́ wọn. Àwọn ló kọ́ mi ní kéú. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, gbogbo ọjọ́ Sátidé ni àwa ọmọ Yorùbá tí Yorùbá kò dán mọ́rán lẹ́nu wa máa ń péjọ sí yàrá òkè kan lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù. Ìyá Kéú á mú ìka wa, wọ́n á gbé e lé orí lẹ́tà, ìka náà kò sì ní í kúrò níbẹ̀ àfi tí ohùn wa bá tọ́. Ohun tí mo mọ̀ nípa Ọlọ́run, ẹnu wọn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ọkọ wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Uncle, ọmọ erékùṣù kan ní Karibíánì ni. Ó wa bọ́ọ̀sì ní Old Kent Road títí ó fi fẹ̀yìntì, ó sì gbọ́ Yorùbá díẹ̀. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta" ló fi ń kí gbogbo èèyàn, ì báà jẹ́ àná lẹ ríra.

Ilẹ̀ kan tí ìyá Uncle fi sílẹ̀ wà létí òkun lọ́hùn-ún. Ibẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kọ́lé sí, kí àwọn méjèèjì lọ fi ọjọ́ alẹ́ wọn sinmi nínú oòrùn. Ìyá Kéú na ìka sí mi lójú ọ̀gá mi. "Ẹ̀ ń wo eléyìí? Èmi ni mo kọ́ ọ ní alifu. Òun ló máa ya ilé mi."

Mo ya á. Ẹsẹ̀ bàtà méjìlá ni mo gbé ilẹ̀ilé sókè, ọ̀gá mi sì yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé àwòrán náà lọ han Ìyá Kéú, wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n tún un wọ̀.

"Kí lèyí? Ilé ni àbí ìtẹ́ ẹyẹ?"

"Ilé ni, Ma. Nítorí omi ló ṣe ga."

"Ó ga o! Èmi tí orúnkún mi ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gun àtẹ̀gùn council, third floor, kò sí lift, tèmi ti àpò ìrẹsì. Ṣé orí àtẹ̀gùn náà lo fẹ́ kí n kú sí ni? Bá mi sọ̀ ọ́ kalẹ̀, jàre. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí omi mọ ọ̀nà ilé wa."

"Àmín, Ma," ni mo wí.

Ìwọ náà kúkú mọ̀ wá. Bí àgbà bá ṣàdúrà, ta ni yóò di ẹnu rẹ̀, tí kò ní í ṣe àmín? Ibi tó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀ gan-an ni mo ti ṣe àmín, àmín yẹn sì di ilẹ̀kùn tí mo tì mọ́ra mi. Ọ̀gá mi ti rìnrìn àjò oṣù méjì. N kò pè é. Mo jókòó, mo pa méjìlá rẹ́, mo kọ méje. Mo sọ fún ara mi pé omi lè má dé ibẹ̀ láyé wọn, pé Ọlọ́run ló ń ṣọ́ ilé. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí ọwọ́ mi fi ṣe é. Apá òpó tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ nìkan ni n kò fọwọ́ kàn, kì í sì í ṣe ọgbọ́n ló fà á, ọ̀lẹ ni.

Láti ọjọ́ náà ni ara mi kò ti lélẹ̀ mọ́. Kọ́lékọ́lé tó gba iṣẹ́ náà lọ́hùn-ún pè mí lórí fóònù. "Méje?" ni ó bi mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ń gbọ́ ìró òkun lẹ́yìn rẹ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí ẹni tó ń mí lójú oorun. "Méje," ó tún un wí, bíi pé ó fẹ́ kí n gbọ́ ọ dáadáa. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ni pláànù," ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan, ó fi fọ́tò iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Òpó mẹ́sàn-án ti dúró, irin yọ jáde lórí wọn bí irun tó dìde. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òpó ni ojú mi dúró lé. Ògiri àlàpà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ìlà dúdú kan sì gba ara rẹ̀ kọjá láti igun kan dé èkejì, tóóró, bí ìgbà tí èèyàn fi rúlà fà á. Okùn àwọ̀n apẹja kan há sínú fèrèsé, lókè ìlà náà. Mo fi ojú wọn òpó, mo wọn ìlà. Ìlà náà fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì ga ju orí òpó mi lọ.

Mo pè é. "Ìlà wo nìyẹn?"

"Omi ni," ni ó dáhùn. "Ó ti pẹ́. Mo ṣì kéré."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dá iṣẹ́ dúró. Ó ní onílé ló gbé iṣẹ́ fún òun, onílé nìkan ló lè dá òun dúró. Ọjọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ni wọn yóò da kọnkéré ilẹ̀ilé sórí àwọn òpó náà. Bí wọ́n bá ti dà á, ó parí nìyẹn. Orí ẹsẹ̀ bàtà méje ni ẹni tó kọ́ mi ní alifu yóò máa sùn, ibi tí omi ti dé rí yóò sì wà lókè orí wọn.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo lọ sílé wọn. Kọ́tìnnì tuntun tí wọ́n rà fún ilé náà wà lórí àga, nínú ọ̀rá rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, n kò dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ma, mo ti ṣe àṣìṣe. Méje kò tó. Omi máa wọlé bá yín."

"O tún ti gbé ọ̀rọ̀ omi rẹ dé! Ṣé àdúrà tí mo ṣe ò tó ni? Ìwọ kọ́ lo ṣe àmín sí i?"

"Èmi ni, Ma. Ojú yín ló tì mí. Kì í ṣe pé mo gbà."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Hẹ̀n-ẹ́n! Ó ti gba degree, ó ti ju Ìyá Kéú lọ. Ta ló kọ́ ẹ pé kó o máa bá àgbà jiyàn?"

"Ẹ̀yin ni, Ma. Ẹ ní bí lèmámù bá ṣì í kà lórí ìrun, ẹni tó wà lẹ́yìn gbọ́dọ̀ rán an létí, ì báà jẹ́ ọmọdé. Ẹ ní tá a bá dákẹ́, gbogbo wa la jọ jẹ̀bi."

Uncle, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Kéú, na ọwọ́ gba fóònù tí fọ́tò náà wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ó gbé fọ́tò náà súnmọ́ ojú, ó wò ó pẹ́. Ó sọ̀rọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́jẹ́, bíi pé kì í ṣe àwa ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Ilé ẹ̀kọ́ mi nìyẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n kó wa sí kí ìjì má bàa pa wá. Èmi gun òrùlé. Àbúrò mi obìnrin kò lè gùn ún."

Ìyá Kéú yíjú sí i. Ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ti jọ wà, wọn kò gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu rẹ̀ rí. "O ò sọ fún mi," ni wọ́n wí.

"Inú rẹ dùn sí ilẹ̀ náà," ni ó dáhùn. "Mo ní bóyá òkun ti gbàgbé."

Mo rí i lójú Ìyá Kéú pé ẹ̀rù bà wọ́n, ohun tí n kò rí rí. Wọ́n na ọwọ́ sí mi. "Dìde. Pe builder yẹn fún mi." Nígbà tó gbé e, wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ pé, "Brother, stop work. Má ṣe da nǹkan kan. Ọmọ mi máa pè ẹ́."

Mo jẹ́wọ́ fún ọ̀gá mi lọ́jọ́ tó dé. "Omi kì í mọ àgbà," ni ó wí, ó sì jókòó, ó tún gbogbo ìṣirò náà ṣe fúnra rẹ̀. Nítorí pé ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ṣì rí bí a ṣe yà á, ó ṣeé ṣe. Wọ́n fọ́ orí òpó mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, wọ́n so irin gígùn mọ́ irin, wọ́n da kọnkéré lé e dé méjìlá. Nítorí orúnkún Ìyá Kéú, mo ya àtẹ̀gùn tó ní ibi ìsinmi méjì, pẹ̀lú ìjókòó.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Uncle ṣíwájú lọ láti to ilé, ìyàwó rẹ̀ ń dúró de iṣẹ́ abẹ orúnkún. Ìgbà náà ni ìjì dìde. Ọjọ́ mẹ́rin la fi ń wò ó lórí fóònù wa, tó ń yí po bí ojú kan ṣoṣo tó là sílẹ̀ lórí òkun, tó ń bọ̀ tààrà. Uncle pe ìyàwó rẹ̀ kẹ́yìn, ó ní atẹ́gùn ti dúró, òun kò rí ẹyẹ kankan mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, fóònù kò lọ mọ́.

Ọjọ́ méjì. Mo jókòó ti Ìyá Kéú nílé wọn, òjò ń rọ̀ sí Peckham, tẹ̀súbáà ń yí lọ́wọ́ wọn, wọn kò ṣí oúnjẹ tí mo gbé wá. Wọ́n bi mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìwo ojú mi. "Méjìlá yẹn, ṣé ó tó?"

"N kò mọ̀, Ma," ni mo wí, nítorí pé n kò mọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, nọ́ńbà àjèjì kan pè. Uncle ni, fóònù ẹlòmíràn ló yá. Ó wà láàyè, òun àti ìdílé méjì tó sá wá bá a lókè. Ó ní gbogbo ìgbà tí ìjì ń jà làwọn ń gbọ́ omi lábẹ́ àwọn, tó ń kọjá pẹ̀lú igi, páànù àti àwọn nǹkan tí òun kò fẹ́ sọ. Ó ti fi téèpù wọn àmì tí omi fi sílẹ̀ lára òpó. Ó ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lọ. Ó ní òun pe tọkọtaya tó wà nílé kejì pé kí wọ́n gòkè wá. Wọ́n ní omi kò dé ọ̀dọ̀ àwọn rí. Àtẹ̀gùn mẹ́ta nìkan ló kù níbi tí ilé wọn wà, tó dojú kọ òfìfo.

Ìyá Kéú forí balẹ̀ fún Ọlọ́run lórí kápẹ́ẹ̀tì. Èmi náà forí balẹ̀, nítorí mo mọ ẹni tí ǹ bá dà lọ́jọ́ náà ká ní méje ni mo fi sílẹ̀.

Mo ṣì ń ya ìpìlẹ̀ ilé. Ó ti yé mi pé ọ̀wọ̀ tó ń wo àgbà níran kó máa rìn lọ sínú omi kì í ṣe ọ̀wọ̀, ojora ni. Ó sì ti yé mi pé a kì í fi àmín bo òtítọ́ lójú, nítorí Ẹni tí à ń ṣe àmín sí rí nọ́ńbà tó wà lórí ìwé. Lọ́dọọdún ni òkun ń ga sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí bóyá omi kò ní í dé ibi tí mo yà, n kì í sọ pé kò ní í dé. Mo máa ń sọ ohun tí mo mọ̀ fún un, mo máa ń sọ ohun tí n kò mọ̀, lẹ́yìn náà la ó wá jọ gbàdúrà.

Ìwọ tó ka èyí, kí Ọlọ́run gbé ibùgbé rẹ ga ju ewu lọ. Kí Ó fún ọ ní ẹni tí yóò sọ òtítọ́ fún ọ kí kọnkéré tó gbẹ, kí Ó sì fún ọ ní etí tí yóò gbọ́ ọ.