Igi Tó Gba Ipò Táǹkì

Vatsala fúnra rẹ̀ ló gbin igi pàríjáàtì tó wà ní igun àríwá-ìlà-oòrùn àgbàlá rẹ̀, lọ́dún tí wọ́n gbé e wọlé ọkọ. Tílẹ̀ bá mọ́, òdòdó rẹ̀ á ti já bo ilẹ̀ lọ súà. Òdòdó mìíràn tó bá ti balẹ̀ kò ṣeé gbé síwájú òrìṣà mọ́, àfi ti igi yìí.

Igun yẹn gan-an ni Vastu, ìlànà àtijọ́ tí àwọn ará Íńdíà fi ń kọ́lé, ní kí táǹkì omi abẹ́ ilẹ̀ máa wà. Nígbà tí Yashvant, ọkọ rẹ̀, fẹ́ gbẹ́ tiwọn, Vatsala gbé Hemant ọmọ wọn pọ̀n, ó lọ kí ìyá rẹ̀. Ó dé, ó rí i pé wọ́n ti tú ilẹ̀ ìdí igi náà. Àyà rẹ̀ já.

"Bàbá Hemant, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e."

Yashvant bú sẹ́rìn-ín. "Ta ló tó bẹ́ẹ̀? Nítorí tìẹ, mo ti gbé táǹkì lọ sí gúúsù-ìwọ̀-oòrùn. Kí Vastu wá mú mi!"

Ọ̀pá irin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti kán lẹ́nu. Ó ní òkúta oko ìrèké ló kán an.

Gúúsù-ìwọ̀-oòrùn! Ẹni tó bá gbẹ́ ihò omi síbẹ̀, wọ́n ní ẹ̀mí baálé ilé ló fi ń ta tẹ́tẹ́. Ẹ̀rù ba Vatsala, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn ju ẹ̀rù lọ, torí ẹnikẹ́ni ò ṣe irú rẹ̀ fún un rí.

Hemant ò tíì tó ilé ìwé lọ tí Yashvant fi ṣubú sínú oko ìrèké, tí kò dìde mọ́. Indu, àbúrò ọkọ rẹ̀, ò jẹ́ kí eérú iná tí wọ́n fi sun òkú tutù.

"Ẹ wá wo obìnrin tó fi ẹ̀mí ọkọ ra ẹ̀mí igi! Ìyàwó wa, ṣé òdòdó rẹ yọ dáadáa lónìí?"

Àrùn là ń wò, a kì í wo ikú, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún opó? Vatsala gba Indu gbọ́ pátápátá. Ẹkún ọkọ rẹ̀ ò tiẹ̀ jáde lójú rẹ̀, torí ó rí ara rẹ̀ bí apànìyàn, apànìyàn kì í sì í sunkún ẹni tó pa. Kò fa omi nínú táǹkì yẹn rí kó má tọrọ àforíjì. Síbẹ̀ kò lè gé igi náà, torí ẹ̀bùn tí ọkọ fi ẹ̀mí rà ni.

Bó ṣe gbé ẹ̀bi náà sọ́kàn títí Hemant fi gbéyàwó nìyẹn. Ìyàwó lóyún, Hemant sì mú onímọ̀ Vastu wá láti ìlú. Ọkùnrin náà gbé kọ́ńpáàsì rẹ̀ yí àgbàlá ká, ó mi orí, ó ní àfi kí wọ́n gbé táǹkì lọ sí ibi tí igi wà.

"Màámi, ẹ forí jì mí," Hemant wí. "Ọmọ mi ò ní wọ ilé yìí bí táǹkì yẹn bá ṣì wà níbẹ̀. Mi ò fẹ́ kú ikú bàbá mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Vatsala lọ́kàn. Ó fọwọ́ kan igi náà, ó ní, "Ẹ gé e."

Wọ́n gé e, wọ́n hú gbòǹgbò rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀. Ihò ò tíì jìn ju orúnkún lọ tí irin fi dún gbàn-ín. Àpáta dúdú ni. Wọ́n sún síwájú, àpáta. Wọ́n sún sẹ́yìn, àpáta. Òṣìṣẹ́ kan wá yọ irin kékeré kan tó há sínú sísán àpáta náà.

"Ìyá, ẹnìkan ti gbìyànjú níbí rí o."

Vatsala gba irin náà. Ó wọ ilé ìdáná, ó mú ọ̀pá irin Yashvant jáde lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fi ẹnu irin náà kàn án. Ó bá a mu rẹ́gí.

Yashvant ti gbẹ́ ibẹ̀ kí Vatsala tó dé láti ilé ìyá rẹ̀. Àpáta ló lé e lọ sí gúúsù-ìwọ̀-oòrùn, kì í ṣe igi. Ó kàn fi pọ́n ìyàwó rẹ̀ lé ni, bí ọkọ ṣe ń ṣe, kò mọ̀ pé òun ò ní pẹ́ láyé tí òun á fi lè sọ òótọ́.

Hemant wo irin náà, ojú rẹ̀ rọ̀. "Màámi, ẹ ò wá mọwọ́ mẹsẹ̀."

Vatsala jókòó sórí igi tó wó lulẹ̀, ó gbé ọ̀pá irin náà lé itan.

"Bàbá Hemant, ẹ̀yin lẹ pa irọ́ yẹn fún mi? Ká ní ẹ sọ fún mi ni, ǹ bá ti sunkún yín."

Ó wá sunkún ọkọ rẹ̀ níbẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé òkú rẹ̀ dé láti oko.