Ìdọ̀bálẹ̀ Ni Mo Fi Ń Jẹun

Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín léèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Kùmásì nílẹ̀ Gánà, ẹ sọ fún un pé mò ń mú àwọn àgbàlagbà dojú bolẹ̀, mo sì ń mú wọn dìde. Ẹni tó bá fẹ́ pè é ní eré ìdárayá, kó pè é bẹ́ẹ̀. Mo ní gbọ̀ngàn tèmi lẹ́yìn Anloga Junction, mo ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ náà lára ògiri, mo sì ní ikùn tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Èmi ni mo sọ pé ó tẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó wá wò ó láàárọ̀ kí n tó jẹun.

Kò rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀. Àga ni mò ń tà ní Anloga tẹ́lẹ̀, àga onítìmùtìmù tí àwọn káfíńtà ń kàn lẹ́bàá ọ̀nà. Nígbà náà mo sanra débi pé ara mi ni mo fi ń polówó ọjà. Bí oníbàárà bá ń ṣiyèméjì, màá jókòó gbì sórí àga, màá mi ara mi lórí rẹ̀ dáadáa, màá ní, "Ẹ wò ó, tó bá gbé èmi, ta ni kò ní gbé nínú ilé yín?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì rà á. "Obolo" làwọn káfíńtà ń pè mí, ìyẹn ẹni tó sanra lédè Twi. Mi ò bínú. Kí ló dé tí màá fi bínú? Nínú èdè tiwa, ẹni tó sanra, ara rẹ̀ sàn ni. Fùfú ọ̀sán, kèléwèlé ìrọ̀lẹ́ tó jẹ́ dòdò aláta, ọmọtúò onírẹsì ọjọ́ Sunday pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀pà, gbogbo rẹ̀ ni mò ń jẹ, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ọmọbìnrin kan ń ta fóònù ní Adum. Kùmásì ni wọ́n bí i sí bíi tèmi. Bàbá rẹ̀ ló wá láti ilé, láti ilẹ̀ Yorùbá, ó sì ta abọ́ ní ọjà Kejetia títí ó fi dàgbà. Mo fẹ́ràn ọmọbìnrin yìí débi pé mo máa ń wọ ọkọ̀ trotro lọ sí Adum láti lọ ra ohun tí mi ò nílò. Nígbà tó gbà fún mi, a dá ọjọ́ tí àwọn èèyàn mi yóò lọ rí àwọn èèyàn rẹ̀.

Ẹ mọ bó ṣe ń rí. Ọkọ ìyàwó gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún àwọn àna rẹ̀, kí àyà kan ilẹ̀. Àwa tí wọ́n bí sí ìlú yìí kì í sábà dọ̀bálẹ̀. A ó tẹrí ba díẹ̀, a ó ní, "Good morning, Baba," ó parí. Mi ò rántí ìgbà tí mo dọ̀bálẹ̀ kẹ́yìn. Lọ́jọ́ náà, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi jọ na ara sílẹ̀ níwájú bàbá ọmọ. Wọ́n ní ká dìde. Àwọn ọ̀rẹ́ mi dìde. Èmi wà nílẹ̀.

Mo fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀, kò ṣeé ṣe. Ikùn mi ló gbé mi dúró, ọwọ́ mi ò ríbi tẹ̀ dáadáa. Mo yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, agbádá ká mi lẹ́sẹ̀. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó sì tàn dé iwájú. Níkẹyìn, àwọn ọ̀rẹ́ mi ló fà mí dìde, ọ̀kan nínú wọn sì ń pariwo, "Sɔre! Sɔre! Dìde!" bí ìgbà tí wọ́n bá ń jí ọmọdé tó pẹ́ lórí ibùsùn.

Bàbá ọmọ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí títí èémí mi fi balẹ̀. Ó kọ́kọ́ kọjú sí àwọn àgbààgbà mi, ó ní, "Ẹ̀yin àna mi, ẹ ṣeun, ẹ má bínú. Ẹ gbé ẹrù yín padà." Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi. "Ọjọ́ tí o bá lè dọ̀bálẹ̀ fún mi, tí o sì lè dìde fúnra rẹ, máa bọ̀. Mi ò ní fi ọmọ mi fún ẹni tí yóò sọ ọ́ di opó."

Inú bí mi dọ́ba. Mo jẹ́ ẹni tí inú rẹ̀ máa ń tètè ru, mi ò sì tíì yí padà títí dòní. Lọ́jọ́ kejì mo gba Adum lọ, mo bá ọmọbìnrin náà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo ní bàbá rẹ̀ ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú ayé.

Ó ní, "Chale, ọ̀rẹ́ mi, kò fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ṣé o ò rí ẹ̀gbọ́n mi nílé wa ni?"

Mo ti rí i. Òun ni àkọ́bí bàbá wọn, obìnrin tó máa ń dákẹ́. Mo mọ̀ pé ọkọ rẹ̀ ti kú, pé ó ṣubú ní ìsọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò sì dìde mọ́. Ohun tí mi ò mọ̀ ni èyí tó sọ tẹ̀ lé e.

"Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi tóbi bíi tìẹ. Ọjọ́ tó wá dọ̀bálẹ̀ nílé wa, àwọn èèyàn ló fà á dìde. Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ́rìn-ín jù wá lọ. Látìgbà tí ọkùnrin yẹn ti kú ni Bàbá ti ń rántí ẹ̀rín yẹn. Mo fẹ́ ẹ, àmọ́ mi ò ní bá bàbá mi jà lórí èyí. Kɔ na bra. Lọ, kó o padà wá."

Ìbínú mi wábi gbà. Nígbà tí mo délé, mo jókòó, mo ro ara mi wò. Mi ò fẹ́ lọ sí ilé eré ìdárayá kankan kí àwọn ọmọ kéékèèké máa wò mí láti inú dígí. Mo ní, ṣebí ìdọ̀bálẹ̀ ló dójú tì mí, ìdọ̀bálẹ̀ náà ni màá fi gba ìyàwó mi. Láti ọjọ́ kejì ni mo ti fi trotro sílẹ̀, mo ń fẹsẹ̀ rìn láti ilé dé Anloga, mo sì pinnu pé gbogbo àgbàlagbà Yorùbá tí mo bá bá lọ́nà ni màá na ara sílẹ̀ fún gbọọrọ. Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Bàbá àgbàlagbà kan ló kọ́kọ́ kàn. Ó jókòó síta, ó ń rin pákò. Bí mo ṣe wó lulẹ̀ níwájú rẹ̀, pákò bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó ní, "Yéè! Ta ló kú?" Mo ní ẹnì kankan ò kú, mo kàn kí wọn ni. Ó ní kí n dìde. Mo di ẹsẹ̀ àga rẹ̀ mú kí n tó lè dìde, díẹ̀ ló kù kí n gbé bàbá olóore ṣubú.

Álífà kan ló tẹ̀ lé e. Òun kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. "Astaghfirullah! Dìde, dìde! Allah nìkan là ń forí kanlẹ̀ fún."

Mo wà nílẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Álífà, ẹ fara balẹ̀, mò ń dìde lọ́wọ́ ni."

Láti ọjọ́ náà, bí Álífà bá ti rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, yóò yáa sọdá sí òdìkejì títì, ibẹ̀ ni yóò ti máa ṣàdúà fún mi. Bàbá kan tó ti Ọ̀yọ́ wá ní tiẹ̀ ní ohun tí mò ń ṣe kù díẹ̀ káàtó. Ó ní, "Ìdọ̀bálẹ̀ wo nìyẹn? Níbi tí wọ́n ti bí mi, à ń yíkàá ni. Yí sọ́tùn-ún. Yí sósì. Ó yá." Mo yí títí ẹ̀gbẹ́ ń ro mí. Mo ṣì ń mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣe èyí lónìí, wọ́n sì máa ń bú mi nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi di ariwo. Wọ́n ní kí ló ń ṣe ọkùnrin yìí tó ń dọ̀bálẹ̀ káàkiri Kùmásì? Àwọn kan ní mo ti ṣẹ ìyá mi. Àwọn mìíràn ní ipò alága ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá ni mò ń wá, wọ́n ní mo ti ń tọrọ ìbò láti ìsinsìnyí. Ọ̀rọ̀ náà dé etí alága ẹgbẹ́ náà, ó sì rán èèyàn wá wádìí lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Ẹ bá mi sọ fún Bàbá pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Ìyàwó ni mò ń wá, kì í ṣe ìbò."

Mi ò ní parọ́ fún yín pé ìdọ̀bálẹ̀ nìkan ló dín mi kù. Mo dín fùfú kù. Mo fi ọmọtúò sílẹ̀, ó dùn mí ju bí ẹ ṣe rò lọ. Èmi àti oníkèléwèlé àdúgbò wa kò bá ara wa sọ̀rọ̀ dáadáa fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan dé tí mo dọ̀bálẹ̀ tí mo sì dìde láìdi nǹkankan mú, mo wá wo ọwọ́ ara mi bí ẹni rí ọwọ́ àlejò. Inú mi dùn débi pé mo tún padà sọ́dọ̀ bàbá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí, mo tún un ṣe.

Bí mo ṣe ń fúyẹ́ ni ọjà mi náà ń fúyẹ́. Mo ń jókòó sórí àga, kò sì mì mọ́. Àwọn oníbàárà mi àtijọ́ á wò mí, wọ́n á ní, "O mà ti rù o, pẹ̀lẹ́. Due." Wọ́n ń kí mi bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Àmọ́ àwọn káfíńtà ibi tí mò ń tajà ti ń ṣọ́ mi. Wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sórí pákó láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ̀yìn ń dùn wọ́n. Ọ̀kan ní kí n kọ́ òun. Òmíràn dé. Kò pẹ́, a ti ń dọ̀bálẹ̀ pọ̀ lórí ìdọ̀tí pákó láàárọ̀, wọ́n ń kà á lédè Twi, "Baako! Mmienu!" Àwọn obìnrin tó ń tajà níwájú wa ní àwọn ńkọ́? Mo ní ẹ̀yin náà, ṣebí ẹ mọ ìkúnlẹ̀? Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dìde, ẹ má di nǹkan mú. Wọ́n ń sọ pé mo fẹ́ pa wọ́n, wọ́n sì tún ń padà wá lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí àwọn tó ń wá dọ̀bálẹ̀ ti pọ̀ ju àwọn tó ń wá ra àga lọ, mo mọ ibi tí Ọlọ́run ń darí mi sí. Mo lọ kọ́ iṣẹ́ náà dáadáa, kí n má baà fi àìmọ̀kan ṣẹ́ egungun ọmọ ẹlòmíràn.

Ó lé lọ́dún kan kí n tó padà lọ sílé àwọn àna mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ṣoṣo ló bá mi lọ. Mo na ara sílẹ̀ fún bàbá ọmọ. Kò ní kí n dìde. Àdúà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe, ó gùn, mo sì wà nílẹ̀ jẹ́ẹ́, mò ń ṣe àmín. Nígbà tó ní, "Ó yá, dìde," mo dìde wẹ́rẹ́, mo sì dúró ṣánṣán. Mo mọ̀ pé mo ṣe é dáadáa. Mo ń wo ojú wọn kí wọ́n yìn mí.

Bàbá kò wò mí. Ẹnu ọ̀nà ló ń wò, níbi tí àkọ́bí rẹ̀ dúró sí. Ó pè é wọlé, ó ní kó jókòó. Ó ní, "Èmi ti rí tèmi. Ìwọ ni mo fẹ́ kó o dá a lóhùn."

Obìnrin náà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "Oògùn wo lo lò?"

"Mi ò lo oògùn kankan, ẹ̀gbọ́n mi. Mò ń rìn. Mo dín oúnjẹ kù. Mò ń dọ̀bálẹ̀."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan, mà."

Ó ń fi ọwọ́ ṣẹ́ etí ìborùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣé ọkọ mi náà ì bá lè ṣe é?"

Mo mọ ohun tó yẹ kí ọmọlúàbí sọ. Kí n ní àmúwá Ọlọ́run ni, kí n ní ọjọ́ rẹ̀ ló pé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ pé kí n sọ bẹ́ẹ̀. Mo wo ọmọbìnrin tí mo wá fẹ́, orí rẹ̀ wà nílẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo rò ó pé bí mo bá sọ òtítọ́, wọ́n lè tì mí síta, ọdún tí mo ti fi rìn yóò sì já sófo. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mò ń ṣe láràárọ̀ ni obìnrin yìí ń bi mí léèrè, mi ò sì lè parọ́ mọ́ ọn.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Wọn ì bá lè ṣe é."

Ó fa ìborùn bo ojú. Ó sunkún, kò sì sí ẹni tó ní kó dákẹ́, àti bàbá rẹ̀ àti èmi. Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó ní, "Gbogbo ẹni tó wá kí mi ló sọ pé kò sí ohun tá a lè ṣe. Mo mọ̀ pé irọ́ ni."

Ó yíjú sí bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ fún un."