Ohùn Tí Kọ́púrà Ràsáàkì Gbọ́ Nínú Ọyẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, bí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ gbé òkèlè yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ Kọ́púrà Ràsáàkì ará Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí! Láti Ṣakí dé Ìsẹ́yìn ni àwọn ènìyàn ti ń jiyàn bóyá ó yẹ kí ṣọ́jà máa ran ọlọ́pàá lọ́wọ́ bí àwọn apániláyà bá dé, tàbí kò yẹ. Wọ́n á máa kan ara wọn bí àgbò. Kò sì sí ẹni tó rántí bi Ràsáàkì léèrè, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ ló ṣe.

Ọmọ àgbẹ̀ oníṣu ni Ràsáàkì. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ ebè, ó gba Ìsẹ́yìn lọ, ó di akódà láyé ọlọ́pàá ìbílẹ̀. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni iṣẹ́ akódà nígbà náà. Ìwé ìpè kóòtù ni yóò máa gbé káàkiri abúlé, ta ló sì fẹ́ gba ìwé ìpè? Bí wọ́n bá ti gbúròó rẹ̀, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ràsáàkì á kanlẹ̀kùn.

"Ta ló wà nílé o?"

Jímọ̀ àgbẹ̀ á dáhùn láti inú yàrá pé, "A ò sí nílé!"

"Ó dáa, Jímọ̀. Bí ẹ bá dé, kí ẹ bá mi sọ fún ara yín pé kóòtù ń retí yín lọ́jọ́ Ajé."

Ẹ̀yin ẹ rò ó wò! Báyìí ni ọkùnrin yìí ṣe di ẹni tí ń fi etí mọ ènìyàn. Ó mọ ẹni tó ń fi imú sọ̀rọ̀, ó mọ ẹni tí ikọ́ rẹ̀ máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kó tó di pé ojú rí ọ, etí Ràsáàkì ti dárúkọ rẹ.

Nígbà tí ìjọba pa ọlọ́pàá ìbílẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ìjọba àpapọ̀, wọ́n kó o mọ́ wọn. Wọ́n gbé e lọ sí Ìlọrin, wọ́n gbé e lọ sí Sápẹ̀lẹ̀, wọ́n gbé e dé Kàlàbá tí òjò kì í ti í dá. Ó tó ọdún mọ́kànlá kó tó rí ọ̀nà padà sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Nígbà tó fi máa di ọdún 1982, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ìlà kọ́púrà méjì náà ló ṣì wà lápá rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú débi pé ó fi ọ̀bẹ la ẹ̀gbẹ́ bàtà ìjọba kí ọmọ ìka rẹ̀ lè ráyè. Àárẹ̀ tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe èyí tí oorun ń mú lọ.

Ọjọ́ ọjà kan nínú oṣù Ọ̀pẹ ọdún náà ni wọ́n dé. Wọ́n gun alùpùpù wá láti apá ẹnubodè, wọ́n fi aṣọ dijú. Kì í ṣe olè o. Olè á mú nǹkan. Àwọn wọ̀nyí ò mú abẹ́rẹ́. Wọ́n yìnbọn sáàárín ọjà, wọ́n dáná sun lọ́rì méjì tí iṣu kún inú wọn, wọ́n sun àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n sì pa Kọ́ńsítébù Ìyápọ̀ àti obìnrin méjì tó ń ta èlùbọ́. Ẹ̀rù ni wọ́n wá gbìn, kí gbogbo ọ̀nà ẹnubodè lè dá pátápátá, kí ó kù fún àwọn nìkan.

Ràsáàkì ti ẹ̀yìn ògiri yìnbọn sí wọn. Ọta márùn-ún péré ni wọ́n fún un láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Méjì dún. Mẹ́ta yòókù kọ̀, bí ẹni pé àwọn náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́.

Ó kù díẹ̀ kí ọdún tuntun pé ọ̀sẹ̀ méjì ni ìjọba rán ṣọ́jà wá. Kì í ṣe ṣọ́jà lásán, àṣàyàn ni wọ́n! Ogójì ọkùnrin tí wọ́n kọ́ ní ìkọ́ ọ̀tọ̀, tí ń fi àyà wọ́ nínú koríko bí alángbá, tí koríko ò sì ní mì. Ìlú yọ̀. Abíọ́nà, tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́bàá ọ̀nà, rí Ràsáàkì tó ń tiro kọjá, ó sì pariwo:

"Baba Fàtímọ̀, ẹ kú ìsinmi o! Àwọn tí ìbọn wọn ń dún ti dé. Kí ẹ padà sídìí mímú àwa oníkẹ̀kẹ́."

"Abíọ́nà, iná iwájú kẹ̀kẹ́ tìrẹ dà?"

Gbogbo wọn fẹ́ fi ẹ̀rín kú. Abíọ́nà fi ọwọ́ nu epo sára ṣòkòtò. "Ẹ má bínú, Baba. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lọ ni?"

"Èmi? Kí wọ́n má lọ o. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbé Ìyápọ̀ sínú ilẹ̀." Ràsáàkì jókòó sórí táyà tó ti gbó. "Ìbọn wọn dáa. Ó kàn jẹ́ pé ìbọn mọ ọ̀nà ni, kò mọ ènìyàn. Ó rẹ̀ mí, Abíọ́nà. Bu omi fún mi."

Ọ̀gá àwọn ṣọ́jà náà ni Kápútèènì Mọ́ládé, ọmọ Yorùbá tí wọ́n tọ́ dàgbà ní bárékè Kàdúná. Ó ń sọ Yorùbá bí ẹni tó ń jẹ ẹran tó gbóná. Kò burú lénìyàn, iṣẹ́ rẹ̀ sì yé e dáadáa. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, ó tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sórí tábìlì nínú yàrá tí iná ò jó tán ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó fi ìka tẹ ọ̀nà tó wá láti oko ẹgàn.

"Ibí ni wọ́n ń gbà. Ní ìdájí ọ̀la, a máa ba síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé ìbọn gba ọ̀nà yìí, ọ̀tá ni."

Ràsáàkì dá a lóhùn. "Ọ̀gá, ọ̀la ọjọ́ Jímọ̀ ni. Àwọn àgbẹ̀ wa tó sùn sóko láti ọjọ́ Àìkú, ìdájí ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń wálé kí wọ́n lè bá wa kírun. Ọ̀nà yìí náà ni wọ́n ń gbà. Wọ́n á sì gbé ṣakabùlà lọ́wọ́ nítorí awó. Ọkọ ọmọ mi wà níbẹ̀."

Mọ́nsúrù ló ń wí, ọkọ Fàtímọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fi ta á lọ́rẹ. Fàtímọ̀ ń tọ́mọ lọ́wọ́. Bí wọ́n bá yìnbọn pa Mọ́nsúrù, ta ni Ràsáàkì yóò fi ojú wo nínú ilé?

"Kọ́púrà, a kì í yìnbọn bẹ́ẹ̀ yẹn. A máa béèrè. Ẹni tó bá dárúkọ, á kọjá."

"Wọn ò ní dárúkọ."

"Kí nìdí?"

"Wọ́n á ní 'Àwa ni.'"

Kápútèènì rẹ́rìn-ín. "'Àwa ni'? Ṣé orúkọ nìyẹn?"

Bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ ni ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Ràsáàkì gbé ìka sókè pé kí ọ̀gá dákẹ́ ná.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni."

"Ìwọ ta?"

"Èmi náà ni ke! Àbí kí ló ń ṣe yín, Baba Fàtímọ̀? Ọbẹ̀ yìí ń tutù." Àdìjátù ìyàwó rẹ̀ wọlé tòun ti abọ́ oúnjẹ, ó wo àwọn méjèèjì bí ẹni wo wèrè.

Kápútèènì ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wo àwòrán ilẹ̀ rẹ̀ títí. Ìkọ́ tí wọ́n kọ́ ọ ò sọ fún un pé ìlú kan wà láyé tí ohùn ènìyàn ti jẹ́ orúkọ rẹ̀.

"Ó dáa. Ìwọ máa bá wa lọ. Ẹ̀gbẹ́ mi lo máa wà. Ṣùgbọ́n bí o bá ṣì í, tí ọmọkùnrin mi kan bá kú, ọrùn rẹ ni o."

"Ọrùn mi náà ti rẹ̀, ọ̀gá. Ẹ gbé e lé e."

Ọyẹ́ ọdún yẹn! Ẹ ò ní rí ọwọ́ ara yín bí ẹ bá nà án. Nígbà tí wọ́n dùbúlẹ̀ sínú koríko ní ìdájí, ilẹ̀ ti ń mọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ayé funfun bí omi ọ̀gì. Òtútù gba inú bàtà tí Ràsáàkì là wọlé, ẹsẹ̀ náà sì ń ta á. Ó ń gbàdúrà pé kí òun gbọ́ ohùn Mọ́nsúrù, ó tún ń gbàdúrà pé kí òun má gbọ́ ọ.

Nígbà tó yá, wọ́n gbọ́ ìró ẹsẹ̀ púpọ̀.

"Dúró! Ta nìyẹn?" ni Kápútèènì ké.

Ìró ẹsẹ̀ dá. Lẹ́yìn náà, ohùn Mọ́nsúrù jáde láti inú ọyẹ́:

"Àwọn ni o!"

Kápútèènì mí kanlẹ̀. Ó yíjú sí Ràsáàkì, ó mi orí pé òótọ́ lo wí, ó sì ti ń gbé ọwọ́ sókè láti sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n kọjá. Ṣé ẹ rí nǹkan! Ẹ̀kọ́ tí Ràsáàkì kọ́ ọ lánàá ló fẹ́ pa gbogbo wọn lónìí. Ràsáàkì fa ọwọ́ rẹ̀ walẹ̀.

"Kò wí pé 'àwa'. 'Àwọn' ló wí."

"Kí lo sọ?"

"Ó ní àwọn ni. Wọ́n ti mú un. Òun ni wọ́n tì síwájú."

Àwọn tó wà lẹ́yìn Mọ́nsúrù gbọ́ Yorùbá ọjà, ṣùgbọ́n kò dé ibẹ̀ yẹn. Létí wọn, bákan náà ni. Kápútèènì ti gbé ìbọn rẹ̀ padà. Ogójì ìbọn ló dojú kọ ọyẹ́ náà, Mọ́nsúrù ló sì wà níwájú. Bí ẹnikẹ́ni bá ké sí i pé kó dùbúlẹ̀, ọ̀tá náà á gbọ́. Kí ni Ràsáàkì fẹ́ ṣe?

Ó dìde lórí eékún rẹ̀ méjèèjì, ó sì fi ohùn àna tí wọ́n rí fín bú jáde:

"Mọ́nsúrù! Èmi bàbá ìyàwó rẹ ni mo dúró níbí, o wá nà ró bí òpó! Báyìí ni wọ́n ṣe kọ́ ọ láti máa kí àna?"

Gbì! Ọmọ náà ò ronú. Ta ni í ronú? Ìgbàkigbà tí àna bá fọhùn, àyà ọkọ-ọmọ á ti kanlẹ̀ kí orí rẹ̀ tó mọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun ti ẹrù iṣu tó wà lórí rẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣẹ́ kù lóòró, wọ́n ń wo ara wọn.

"Ẹ yìnbọn!" ni Kápútèènì ké.

Kò pẹ́ tó kí ènìyàn mu ẹ̀kọ tán. Nígbà tí èéfín àti ọyẹ́ fà sẹ́yìn díẹ̀, mẹ́rin ti kú, méjì ká ọwọ́ sórí, àwọn yòókù ti sá gba inú igbó lọ. Ọta ba ṣọ́jà kan tí ń jẹ́ Ọlágòkè léjìká. Mọ́nsúrù ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀.

"Dìde," ni Ràsáàkì wí.

"Ẹ ò tíì dáhùn, Baba."

"Mo ti gbà á. Ọlọ́run á bù kún ọ. Dìde."

Mọ́nsúrù sọ pé òun ló ṣáájú àwọn yòókù lọ́nà, ìyẹn ni wọ́n fi rí òun mú. Àwọn àgbẹ̀ yòókù gbọ́ ìró ìbọn, wọ́n yà sẹ́yìn, ọ̀sán pọ́n kí wọ́n tó wọlé. Ràsáàkì ò lè bá wọn rìn padà. Ó jókòó sílẹ̀, ó bọ́ bàtà kan, agbára àtibọ́ èkejì ò sí mọ́. Àwọn ṣọ́jà méjì ló gbé e dé ìlú, òun àti Ọlágòkè nínú ọkọ̀ kan náà.

Ẹ má rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà, àwọn ṣọ́jà mìíràn lọ ba sí ọ̀nà abúlé kan níwájú Ìgbòho. Wọn ò mú ọlọ́pàá kankan dání. Wọ́n béèrè pé ta ni. Àgbẹ̀ méjì dáhùn pé àwa ni, bí bàbá wọn ti máa ń dáhùn. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n sin àwọn méjèèjì.

Láti ọjọ́ náà ni Kápútèènì Mọ́ládé ti ń rán ọkọ̀ wá gbé Ràsáàkì. Komu lónìí, ọ̀nà Ìgbòho lọ́la. Àwọn ṣọ́jà ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, àwọn tó rẹ̀ á lọ sùn, àwọn tuntun á dé. Ràsáàkì ò ní ẹni tí yóò gbà á, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó ní etí yẹn. Oṣù mẹ́tàlá ló fi dùbúlẹ̀ sínú ìrì. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kó fẹ̀yìn tì, ìlà méjì náà ló gbé wálé. Bí wọ́n bá bi í pé ṣé ó yẹ kí ṣọ́jà máa wá, á ní, "Kí wọ́n wá. Kí ọlọ́pàá tó mọ ìlú dùbúlẹ̀ tì wọ́n. Kí wọ́n sì jẹ́ kó máa sùn nígbà mìíràn." Kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ, á ti máa tòògbé.

Bí ẹ ò bá gbà mí gbọ́, ẹ wọ ọkọ̀ Ṣakí, ẹ sọ̀ ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Mọ́nsúrù fúnra rẹ̀ yóò mú yín lọ sí ọ̀nà oko náà. Kí ẹ lọ nínú ọyẹ́, ní ìdájí. Kí ẹnì kejì yín dúró lókèèrè, kó pe ọ̀rọ̀ méjèèjì, "àwa" àti "àwọn", kí ẹ̀yin náà dùbúlẹ̀ sínú koríko, kí ẹ wò ó bóyá ẹ ó mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ẹ lọ gbọ́ ọ fúnra yín.